Wákàtí 72 Tí Ìtìjú Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jẹ Tán

Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 22 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ ọkùnrin kan kí n tó bá a sùn. Mi ò ní fa ìtàn ohun tó gbé mi débẹ̀ gùn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, owó ilé dé, ọ̀rẹ́ kan mọ ẹnì kan. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn tí kò ṣe é rí, àlàyé kankan ò lè tó wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí mi ò mọ̀ nípa HIV, àti ohun tí mo mọ̀ tí ìtìjú ò jẹ́ kí n lò. Èkejì yẹn ló pọ̀ jù.

Ẹni tó mú mi wọ iṣẹ́ náà fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kó rọ́bà ìdáàbòbò lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tìrẹ ni kó o máa mú lọ. Má lo ti oníbàárà. O ò mọ ibi tó ti rí i, o ò mọ bó ṣe pẹ́ tó nínú àpò rẹ̀." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún mi, torí òun náà ò mọ̀ ọ́n, ni irú nǹkan tó yẹ kéèyàn fi pa á kó lè máa yọ̀. Ìpara ara ni mò ń lò. Ó ń yọ̀, ó ń ta sánsán, kí ni mo tún ń wá? Ó tó oṣù márùn-ún tí rọ́bà fi ń ya mọ́ mi lára, tí mò ń pariwo pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ méjì lé ara wọn. Ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù, torí méjèèjì á máa ha ara wọn títí wọ́n á fi ya.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú, ìyá àgbàlagbà kan tí màá tún padà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ rọ́bà kan bí ẹni fẹ́ bàlúù, ó so ó lẹ́nu, ó rọ òróró díẹ̀ sí i lára, ó ní kí n máa fi ìka pa á ká jọ máa sọ̀rọ̀ lọ. Kò pẹ́ tó fi bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fò sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Òróró, faselíìnì, ìpara, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Jẹ́ẹ̀lì olómi ni kó o máa lò, tàbí ti silíkónì." Gbogbo oṣù márùn-ún tí mo fi ń bú àwọn tó ń ta rọ́bà, èmi gan-an ni mò ń fọwọ́ ara mi ba á jẹ́.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ rọ́bà fi le tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwa? Awọ inú ihò ìdí fẹ́lẹ́, kò ní omi tirẹ̀ bíi ti ojú ara obìnrin, kì í pẹ́ bó, ibi tó bá sì ti bó ni kòkòrò HIV ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní tí ẹni tó ní kòkòrò náà, tí kò sì lo oògùn, bá bá èèyàn lò láti ẹ̀yìn láìsí ìdáàbòbò, nínú ìgbà 10,000, nǹkan bí ìgbà 138 ni ẹni tí wọ́n bá lò máa kó o. Tó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bá lò ló ní in, ẹni tó bá a lò máa kó o ní nǹkan bí ìgbà 11. Obìnrin tí ọkùnrin bá bá lò láti iwájú, nǹkan bí 8. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí òǹkà yìí, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Kí ni 138 nínú 10,000 já mọ́? Mo ń fi ìṣirò ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù wọn iṣẹ́ tí mò ń ṣe lálaalẹ́. Tí egbò tàbí àtọ̀sí bá tún wà níbẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kó o ranni ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni, òǹkà yẹn á fò sókè.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa mọ̀: "Láìsí ńkọ́?" Wọn kì í parí rẹ̀. Láìsí rọ́bà ni wọ́n ń wí, owó tí wọ́n sì máa ń dá lé e lè tó ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo ti gbà á rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ nípa HIV nígbà yẹn. Owó ilé ló ku ọ̀la. Ẹni tó bá ń pín ìwé kiri pé "ẹ máa lo rọ́bà", tí kò sọ nǹkan kan nípa owó ilé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ohun tó já mi gbà lọ́wọ́ "láìsí" ni pé àwa márùn-ún tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà jókòó, a sọ òótọ́ fún ara wa. Tí ẹnì kan bá ti gbà á, oníbàárà yẹn á fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ na àwọn tó kù: "Lágbájá gbà fún mi, kí ló dé tí ìwọ ò gbà?" A fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa gbà á mọ́, a sì ń dá owó díẹ̀ jọ kí ẹni tí kò bá rí já jẹ lọ́sẹ̀ yẹn lè rí nǹkan yá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó dín kù gan-an. Mo tún kọ́ láti máa yanjú ọ̀rọ̀ rọ́bà lórí fóònù kí n tó kúrò nílé, torí tí bàtà bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn, ohùn èèyàn kì í le mọ́. Ọtí ńkọ́? Ife kan ti tó. Lẹ́yìn ife kẹta, mi ò lè búra pé rọ́bà ṣì wà níbi tó yẹ kó wà. Àwọn kan máa ń rọra yọ ọ́ nínú òkùnkùn. Mo kọ́ láti máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè, bí ẹni tó ń ṣeré ìfẹ́, kó má dà bíi pé mò ń ṣọ́ olè.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, tí ọlọ́pàá bá bá rọ́bà púpọ̀ lápò èèyàn, ẹ̀rí nìyẹn pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ló ń ṣe. Nítorí èyí, ẹyọ kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n máa ń mú dání. Ẹyọ kan, fún odidi alẹ́. Mi ò mọ ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò.

Rọ́bà tún wá ya mọ́ mi lára lálẹ́ ọjọ́ kan. Lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ẹ̀lì tó dáa ni mo lò. Ó kàn ya ni. Ọkùnrin náà wò ó, ó wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Má dààmú, ara mi le." Bí ẹni pé ara líle ni àyẹ̀wò. Mo wọ balùwẹ̀, mo fi omi àti ọṣẹ fọ inú mi títí ó fi ń ta mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kì í fọ kòkòrò jáde, ṣe ló tún ń bó awọ tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé oògùn kan wà téèyàn ń lò lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, PEP ni wọ́n ń pè é. Kí wákàtí 72 tó pé lèèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe dáa tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, láìfo ọjọ́ kan. Nígbà tó sọ ọ́ yẹn, kò tíì ju wákàtí 20 lọ tí rọ́bà ya. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi èyí tó kù ṣe. Mo sùn. Mo jí, mo rìn dé iwájú ilé ìwòsàn, mo rí àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì, mo padà sílé. Mo lọ gẹrun. Mo tún rìn débẹ̀, mo tún yí padà, mo ní ó ṣeé ṣe kí èrò má pọ̀ lọ́la. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni ohun tí màá sọ tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe mí. Ìgbà tí mo fi wọlé, wákàtí 63 ti lọ.

Kí ni mo wá sọ? Mo ní obìnrin kan ni.

Wọ́n fún mi lóògùn náà. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, orí ń fọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mọ́ mi lára. Mo lò ó pé, mo ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní mi ò ní in. Mo rò pé mo ti jàre. Ṣùgbọ́n torí pé obìnrin ni mo pè é, ìtọ̀ mi nìkan ni wọ́n fi wá àwọn àrùn ìbálòpọ̀ tó kù. Ìtọ̀ ò lè fi àtọ̀sí tó wà nínú ihò ìdí hàn, ìyẹn àti ti ọ̀nà ọ̀fun kì í sì í sábà dunni, wọn kì í yúnni. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi gbé e kiri láìmọ̀, tí mo ń pín in fún àwọn ẹlòmíì, tí ibi tó ti wú nínú mi sì wà gbayawu sílẹ̀ fún HIV.

Kí ẹ má bàa rò pé èmi nìkan ló jẹ̀bi: mo ti gbìyànjú òtítọ́ rí. Ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, mo sọ iṣẹ́ mi fún ẹni tó ń gba orúkọ sílẹ̀. Ó fi bírò lélẹ̀, ó jáde, ó mú ẹnì kejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wá wò mí. Mo dìde, mo lọ. Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ funfun.

Ìyá nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló tú u. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. "Ẹnu, iwájú, àbí ẹ̀yìn? Mi ò bi ọ́ kí n lè mọ ìwà rẹ o, ọmọ mi. Ibi tí màá ti mú nǹkan àyẹ̀wò ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo wolẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa." Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó mú igi olówùú mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi olówùú mẹ́ta. Gbólóhùn yẹn ni mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí. Ó rí àtọ̀sí náà, ó tọ́jú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ tí ìbálòpọ̀ náà ń kó ranni. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ PrEP fún mi.

PEP wà fún ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀. PrEP wà fún kó tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, nígbà tó sì di 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fi lọ gbogbo ẹni tí ewu HIV bá sún mọ́ dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún HIV, wọ́n yẹ kíndìnrín mi àti hepatitis B wò, mo wá ń lo hóró kan lójúmọ́. Ìyá náà sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní iPrEx, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Nǹkan bí 2,500 èèyàn ló kópa, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò. Ní àpapọ̀, oògùn náà dín HIV kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní, "Ìdá 44 péré?" Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn gba oògùn náà lọ sílé ni, wọn ò gbé e mì. Àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tí wọ́n bá oògùn níbẹ̀, ààbò tiwọn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Téèyàn bá ń lò ó bó ṣe yẹ, ó lè dín ewu ìbálòpọ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 99.

Mo gbé e mì fún oṣù méje. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbọ́ tí ike oògùn náà ń dún nínú báàgì mi. Ó mú un jáde nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀, ó tẹ orúkọ tó wà lára ike náà sórí fóònù. Bí mo ṣe jáde, ó ní, "O ní éèdì, o ò sì sọ fún mi?" Àṣìṣe rẹ̀ yéni, torí àwọn oògùn PrEP wà lára èyí tí àwọn tó ní HIV náà ń lò. Àlàyé mi ò wọ̀ ọ́ létí. Ó pe àwọn tó mọ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi ò dún. Mo ju ike náà nù.

Ká ní mo mọ̀ pé kò ju kéèyàn dà á sínú ike fítámì lọ, kó sì ki òwú bọ ẹnu rẹ̀ kó má bàa dún. Òwú! Mo mọ̀ ọ́n báyìí.

Mo tún gbìyànjú ọ̀nà kejì, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún ọkùnrin lọ́dún 2019: hóró méjì ní ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú ìbálòpọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 24 sí ìgbà téèyàn lo ti àkọ́kọ́, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 24 míì. Tí ìbálòpọ̀ bá ń bá a lọ, èèyàn ò ní dáwọ́ dúró títí yóò fi di ọjọ́ méjì lẹ́yìn ti ìkẹyìn. Nígbà yẹn, wọ́n ní kí ẹni tó ní hepatitis B má lò ó bẹ́ẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó mọ ìgbà tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀. Èmi ńkọ́? Wọ́n á pè mí ní aago mọ́kànlá òru pé kí n wà níbẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é, mi ò rí i ṣe bó ṣe yẹ rí, mo pa á tì. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ wà. Cabotegravir ti wà láti ìparí 2021, oṣù méjì méjì ni wọ́n ń gún un. Lenacapavir tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ kì í dún nínú báàgì. Ẹ béèrè bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Mo ń kọ gbogbo èyí bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ wá gbọ́ bí ọlọ́gbọ́n ṣe kó o.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó ti ń wá fún ọdún kan. Ó mọ ọjọ́ ìbí mi, ó mọ̀ pé orí máa ń fọ́ mi tójò bá fẹ́ rọ̀. Kò fìgbà kan béèrè "láìsí" rí. Rọ́bà tán lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó dìde. A ò sọ ọ́, a ò dúnàádúrà, owó kankan ò lé. Láti ọjọ́ náà, rọ́bà di nǹkan àjèjì, ohun tí mo ń lò fún àwọn tí mi ò mọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ti kọ́, orí fóònù, fọwọ́ kàn án, ife kan, fún àwọn àlejò ni. Ẹni tó mọ ọjọ́ ìbí mi, mi ò tiẹ̀ bi í rí pé ìgbà wo ló ṣàyẹ̀wò kẹ́yìn.

Mo sì ní ọ̀rẹ́bìnrin. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti kanra báyìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin nílé. Ó rò pé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣọ́ lóru ni mo máa ń lọ. Ó ń fètò sí ọmọ bíbí, torí náà, tí mo bá ti mú rọ́bà jáde pẹ́nrẹ́n, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Mi ò sì ní ìdí kankan tí mo lè sọ.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ibà fi dá mi dùbúlẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, nǹkan pupa wẹẹrẹ sú sí mi láyà. Mo ra oògùn ọ̀fun, ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV máa ń ní irú ibà yìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó sì jọ ibà èyíkéyìí. Ọkàn mi ò kúkú balẹ̀, mo ra àyẹ̀wò àdáṣe, mo gún ìka, mo dúró. Ìlà kan. Mo jó nínú yàrá.

Ó yá jù ni. Irú àyẹ̀wò yẹn, ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta kó tó hàn. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì rọrùn jù láti kó o ranni. Mo ti kà á lára páálí rẹ̀ pé kí n tún un ṣe. Mi ò tún un ṣe. Mo fi ìlà kan yẹn ṣe ìwé àṣẹ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo lọ fún àyẹ̀wò àtọ̀sí lọ́dọ̀ ìyá nọ́ọ̀sì. Ó ní ká kúkú ṣe ti HIV pọ̀ mọ́ ọn. Ó ṣe àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó fi irú míì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fi irú míì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n fi okùn so bírò mọ́ tábìlì rẹ̀. Okùn yẹn ni mo ń wò. Nígbà tó sọ ọ́ tán, etí mi di fún ìgbà díẹ̀, mo wá gbọ́ tó ń bi mí pé, "Ta lẹ jọ sùn kẹ́yìn láìsí ìdáàbòbò, ìgbà wo sì ni?"

Mo ní ọ̀rẹ́bìnrin mi ni, lọ́jọ́ Sátidé. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́.

Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ó fi ìka ka nǹkan. "Wákàtí 41 ti lọ. Ó ku 31. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wà pọ̀, PEP ò lè mú èyí tó ti kọjá, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì kó o, ó lè mú ti Sátidé. Lọ sọ fún un."

Ìyẹn ni pé, ní ọjọ́ tí mo gbọ́ tèmi, wọn ò fún mi láyè láti sunkún tèmi. Mo bínú sí ìyá náà nígbà yẹn. Ó fún mi ní oògùn tèmi lọ́jọ́ yẹn kan náà, hóró kan lójúmọ́ tí dolutegravir, oògùn tó ń kápá HIV, wà nínú rẹ̀, ó ní kí n gbé ti àkọ́kọ́ mì níwájú òun.

Ẹ ó rò pé mo sáré. Ẹni tó ti mọ ohun tí wákàtí 72 jẹ́, tó ti fi 63 ṣòfò rí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níta ilé ìwòsàn, mo ń to ọ̀rọ̀. Mo to irọ́ mẹ́ta tó lè dúró. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì gún mi lábẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sọ òtítọ́, iṣẹ́ mi àti gbogbo rẹ̀, torí mi ò rántí irọ́ kankan mọ́. Mo ń retí kó bi mí pé ta ni, tàbí pé ọkùnrin kẹ̀. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọ̀sán yìí. Aago mẹ́ta."

Ó wo fóònù rẹ̀. "Aago mẹ́jọ ti lù."

Mi ò lè fèsì.

"Wákàtí márùn-ún," ó ní. "O gbé wákàtí márùn-ún mi jókòó."

Ó tì mí síta. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá nọ́ọ̀sì. Wákàtí 58 nìyẹn. Mo dúró lódìkejì títì, kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé kò ní in. Ó bẹ̀rẹ̀ PEP. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mo pe ọkùnrin Tọ́sìdeè náà. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já, ó wá ní òun á lọ ṣàyẹ̀wò. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá òun ló fún mi, tàbí èmi ni mo fún un, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó yọ rọ́bà nínú òkùnkùn. Mo fi oṣù mélòó kan wá ẹni tí màá dá lẹ́bi kí n tó pa á tì.

Oògùn náà ò dà mí láàmú bíi ti PEP. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá mi lọ gbà á ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo sá fún yẹn bí ẹni pé ibùdókọ̀ ni. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i. Ìyá nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ẹni tó bá dé ibẹ̀, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ, kì í kó HIV ran ẹni tó bá bá sùn. Ó ní ìwádìí PARTNER2 tó jáde lọ́dún 2019 tẹ̀ lé ọkùnrin méjì-méjì tó ń fẹ́ ara wọn, 782 irú wọn, tí ọ̀kan ní in tí èkejì ò ní, tí wọn ò lo rọ́bà. Wọn ò rí ẹnì kan tó kó o láti ara ẹnì kejì rẹ̀ tí oògùn ti kápá tirẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìtàn. Ó gbà mí tó ọdún kan sí i. Mo lo rọ́bà ní gbogbo ìgbà yẹn, fún àjèjì, fún ẹni tí mo mọ̀, torí sífílíìsì àti àtọ̀sí ò mọ oògùn HIV rárá. Inú ike fítámì ni oògùn mi wà, òwú wà lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn alẹ́ Mọ́ńdè yẹn, fóònù mi dún. Mi ò tíì pa nọ́ńbà ọ̀rẹ́bìnrin mi rẹ́.

"Wọ́n ní kò sí," ó ní. "Èyí tí wọ́n ní ó kẹ́yìn nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ ṣé." Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ó dúró díẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ìta ilé ìwòsàn ló ti ń pè. Lẹ́yìn náà ló pa á.